Òòfà, Oògùn àti Iṣan Ẹ̀jẹ̀: Ẹ̀kọ́ fún Àgbà àti Ọmọdé Ilé

  

Inú ìbéèrè ọmọ kan ni ẹ̀kọ́ tòní ti jáde. Lọ́jọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn tí a ti kàwé tán, ọmọbìnrin ọdún 13 kan dúró sẹ́yìn nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òòfà lè wo jẹjẹrẹ sàn?" A bi í pé kí ló dé. Ó ní ìyá òun ní kókó jẹjẹrẹ nínú ọyàn, wọ́n sì ti ń gba oògùn ní ọsibítù. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wá ta ẹní tí wọ́n rán òòfà mọ́ nínú fún wọn. Ó ní kí wọ́n máa sùn lé e lórí, kí wọ́n fi oògùn ọsibítù sílẹ̀, nítorí pé òòfà yóò fa ẹ̀jẹ̀ lọ síbi tó yẹ, kókó náà á sì gbẹ. Ìyá gbà. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti sùn lórí ẹní yẹn láìlọ sí ọsibítù.

A kò lè dá ọmọ náà lóhùn lọ́jọ́ yẹn. Èyí tó tún dùn wá jù ni pé a ti rí ẹní náà nílé wọn rí, nígbà tí a lọ síbẹ̀ fún ìsọmọlórúkọ, a kò sì sọ nǹkan kan. Ní ilé wa, òkúta òòfà ní àyè tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin Ògún. Ní Kúbà, àwọn àgbà ń pè é ní piedra imán, wọ́n a sì máa fi ìyẹ̀fun irin bọ́ ọ. Nítorí náà, àwa rò pé ohun tí ó ti ń bá wa gbé láti ọjọ́ pípẹ́ kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa wà lọ́jà o, orí ọmọ sì wọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. A lọ sí ilé ìkàwé, a bi nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wa, a sì jókòó ti dókítà kan tó ní sùúrù. Ohun tí a rí kọ́ nìyí. Ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí pé òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ òòfà, irọ́ sì wà nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọra lójú ẹni tí kò bá yẹ̀ wọ́n wò.

1. Kí ni iṣan ẹ̀jẹ̀, báwo ló sì ṣe ń dàgbà?

Iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Àwọn kan tóbi, bí èyí tó jáde látinú ọkàn. Àwọn kan sì tín-ín-rín ju irun orí lọ, débi pé àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ní láti tò tẹ̀lé ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó lè kọjá. Ara àwọn tín-ín-rín yìí ni oúnjẹ àti ọ́síjìn ti ń bọ́ sínú ẹran ara. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibi kankan nínú ara tí ó jìnnà sí wọn ju ìdá kan tàbí méjì nínú mẹ́wàá mìlímítà kan lọ. Bí ó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀, ebi á pa ibẹ̀, á sì kú.

Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, iṣan tuntun ń hù lójoojúmọ́. Nígbà tí a bá ti dàgbà tán, ìdàgbà yẹn máa ń dáwọ́ dúró fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ìgbà mélòó kan ló tún máa ń bẹ̀rẹ̀: nígbà tí egbò bá ń jinná, nínú ilé ọmọ obìnrin lóṣooṣù, nígbà oyún, àti nínú ẹran ara ẹni tí ń ṣe eré ìdárayá.

Báwo ni iṣan ṣe ń mọ ibi tí ó yẹ kí ó hù sí? Ẹ jẹ́ ká fi abúlé wé e. Bí abúlé kan kò bá ní omi, àwọn ará ibẹ̀ á ké gbàjarè sí ìlú pé kí wọ́n fa omi wá. Bákan náà ni ẹran ara tí ọ́síjìn kò dé máa ń ké. Igbe rẹ̀ kì í ṣe ohùn; purotéènì ni, ìyẹn èròjà kan tí sẹ́ẹ̀lì ń tú jáde. Èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn ni wọ́n ń pè ní VEGF. Napoleone Ferrara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California ló yọ ọ́ sọ́tọ̀ tí wọ́n sì mọ bí ó ti rí ní ọdún 1989. Tí VEGF bá dé ara iṣan tó wà nítòsí, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú iṣan náà á gbọ́ igbe yẹn. Wọ́n á ṣí ògiri, wọ́n á máa rìn lọ síbi tí igbe ti ń wá, wọ́n á pọ̀ sí i, wọ́n á ká ara wọn di ihò gígùn, wọ́n á sì so mọ́ iṣan mìíràn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Nígbà tí ọ́síjìn bá ti dé, igbe á dákẹ́. Àwọn mẹ́ta tó ṣàlàyé bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń mọ̀ pé ọ́síjìn kò tó, William Kaelin, Peter Ratcliffe àti Gregg Semenza, ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn ní ọdún 2019.

2. Tí ó bá kéré jù, tí ó bá pọ̀ jù

Ohun gbogbo ló ní ìwọ̀n, àbí? Ẹni tí àtọ̀gbẹ bá ń ṣe lè ní egbò lẹ́sẹ̀ tí kò ní jinná, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ dáadáa. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò iṣan tuntun. Ṣùgbọ́n ibòmíràn wà tí iṣan tuntun jẹ́ ewu. Ọ̀pọ̀ ẹbí wa tí baba ńlá wọn wá láti Áfíríkà mọ àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde. Nínú àrùn yìí, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bí dòjé lè dí àwọn iṣan kéékèèké tó wà lẹ́yìn ẹyinjú. Ojú á ké pé ọ́síjìn kò tó, iṣan tuntun á hù, ṣùgbọ́n iṣan aláìlágbára ni. Ó lè já, kí ẹ̀jẹ̀ dà sínú ojú, kí ìríran bàjẹ́. Nítorí náà, ẹni tó ní àrùn yìí, kí ó jẹ́ kí dókítà ojú máa yẹ ojú rẹ̀ wò, bí kò tilẹ̀ dùn ún.

Jẹjẹrẹ ni olórí ọ̀ràn náà. Ní ọdún 1971, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Boston tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Judah Folkman kọ̀wé pé kókó jẹjẹrẹ kò lè tóbi ju mìlímítà kan sí méjì lọ bí kò bá rí iṣan tuntun tí yóò máa bọ́ ọ. Ó ní kókó náà fúnra rẹ̀ ló ń ké pe iṣan, bí olè tí ó lọ so páìpù tirẹ̀ mọ́ omi ìlú. Bí a bá rí ohun tí yóò dí igbe yẹn, ebi á pa kókó náà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà á gbọ́ nígbà náà. Folkman kò jáwọ́ títí ó fi kú ní ọdún 2008, ojú rẹ̀ sì ti rí i kí ó tó lọ pé òótọ́ ni òun sọ.

3. Oògùn tí ń bá iṣan sọ̀rọ̀

Oṣù Kejì ọdún 2004 ni FDA, àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí bevacizumab, tí wọ́n ń tà ní orúkọ Avastin, fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá tó ti tàn kálẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń di VEGF mú kí igbe má bàa dé etí iṣan. Wọ́n ń fún un pẹ̀lú àwọn oògùn jẹjẹrẹ mìíràn ni, wọn kò fi rọ́pò wọn. Ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú o, a máa padà sí i.

Ṣùgbọ́n oògùn tí ń dí iṣan lọ́wọ́ kò mọ egbò yàtọ̀ sí kókó. Bevacizumab lè mú ẹ̀jẹ̀ ru, ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa jáde, ó sì máa ń dá egbò dúró kí ó má jinná. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń jẹ́ kí ó tó ọjọ́ 28, ó kéré tán, láàárín iṣẹ́ abẹ ńlá àti oògùn yìí. Ẹ tún gbọ́: ní ọdún 2008, FDA gbà kí wọ́n lò ó fún jẹjẹrẹ ọyàn, ní ọdún 2011, wọ́n gba àṣẹ yẹn padà, nítorí pé ìwádìí tó tẹ̀lé e kò fi hàn pé ó ń mú ẹ̀mí àwọn obìnrin náà gùn, ewu rẹ̀ sì wà. Ṣé ẹ rí i? Oògùn tí gbogbo ayé ń yìn pàápàá, wọ́n tún padà wọ̀n ọ́n wò.

Oògùn kejì tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni thalidomide. Ọdún 1957 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì gẹ́gẹ́ bí oògùn oorun, àwọn aboyún sì ń lò ó fún èébì. Ó ju 10,000 ọmọ lọ tí wọ́n bí káàkiri ayé pẹ̀lú apá tàbí ẹsẹ̀ tí kò gùn tó; ní ìparí ọdún 1961 ni wọ́n gbà á kúrò lọ́jà ní Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì. Ní Amẹ́ríkà, obìnrin kan tí ó ń jẹ́ Frances Kelsey kọ̀ láti fọwọ́ sí i ní FDA, ó ní ẹ̀rí kò tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe gba ọ̀pọ̀ ọmọ là. Ní ọdún 1994, Robert D'Amato, tí ó ń bá Folkman ṣiṣẹ́, fi hàn pé oògùn yìí ń dí ìdàgbà iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Lónìí, wọ́n ń lò ó pẹ̀lú ìṣọ́ra ńlá fún ìṣòro kan tí ẹ̀tẹ̀ ń fà àti fún jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn eegun. Ní Brazil, níbi tí ẹ̀tẹ̀ ṣì wà, wọ́n ṣì bí ọmọ tí oògùn náà bà jẹ́ lẹ́yìn tí ayé ti mọ ewu rẹ̀. Ohun kan náà ló ṣe ibi tí ó sì ṣe ire. Ẹni tó lò ó, ìgbà tó lò ó, ìwọ̀n tó lò, ìyẹn ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

4. Òòfà: kí ló lè fà, kí ni kò lè fà?

Òòfà, tí àwọn kan ń pè ní mágnẹ́ẹ̀tì, orúkọ rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ rẹ̀: òun ni ó ń fà. Ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ jẹ́ òòfà ńlá. Tesla ni wọ́n fi ń wọn agbára òòfà. Bí a bá pín tesla kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, agbára òòfà ilẹ̀ ayé kò ju ìpín 25 sí 65 lọ. Ẹ̀rọ MRI tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ara ní ọsibítù sábà máa ń ní tesla kan ààbọ̀ tàbí mẹ́ta.

Ẹni tó ta ẹní sọ pé irin wà nínú ẹ̀jẹ̀, òòfà ń fa irin, nítorí náà òòfà ń fa ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Irin inú ẹ̀jẹ̀ kò dà bí ìṣó tàbí àdá. Ó fọ́n ká ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó sì so mọ́ purotéènì tí ń gbé ọ́síjìn. Ní ọdún 1936, Linus Pauling àti Charles Coryell fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ tí kò ru ọ́síjìn ni òòfà ń fà díẹ̀ kín-ún, nígbà tí èyí tó ru ọ́síjìn ń sá fún òòfà díẹ̀ kín-ún. Méjèèjì kéré púpọ̀. Bí òòfà bá ń fa ẹ̀jẹ̀ bí ó ti ń fa ìṣó ni, ẹni tó bá wọ inú ẹ̀rọ MRI kò ní jáde láàyè. Ẹgbàágbèje ènìyàn ló sì ń wọ̀ ọ́ tí wọ́n ń jáde lálàáfíà. Nítorí náà, ẹ̀gbà ọwọ́ òòfà kò fa ẹ̀jẹ̀ lọ síbì kankan.

Ǹjẹ́ a lè wá sọ pé òòfà kò ní iṣẹ́ kankan nínú ara? Rárá o. Ibí yìí ni ó yẹ ká ti ṣọ́ra kí a má bàa fi irọ́ kan lé òtítọ́ lọ. Oríṣi òòfà méjì ni ká mọ̀. Èkíní ni èyí tó dúró jẹ́ẹ́, bí òkúta wa. Èkejì ni èyí tí agbára rẹ̀ ń wá tí ń lọ, bí ìlù tí wọ́n ń lù, iná mànàmáná ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Michael Faraday fi hàn ní London ní ọdún 1831 pé òòfà tí agbára rẹ̀ ń yí padà máa ń dá iná mànàmáná sílẹ̀ nínú wáyà. Nínú ara náà, ó lè dá iná tí ó kéré gan-an sílẹ̀, iná yẹn ni àwọn onímọ̀ sì rò pé sẹ́ẹ̀lì lè gbọ́. Ní ọdún 1979, FDA gbà kí wọ́n máa lo irú òòfà tí ń lù yìí fún eegun tó kán tí ó kọ̀ tí kò so pọ̀. Iṣẹ́ Andrew Bassett ní New York wà lára ohun tó la ọ̀nà náà.

5. Nígbà tí òòfà àti oògùn pàdé

Ẹ wá gbọ́ ìwádìí mẹ́rin. A tò wọ́n bẹ́ẹ̀ kí ẹ lè rí ibi tí wọ́n ti gbà àti ibi tí wọ́n ti yà.

Èkíní, ọdún 2004. Àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà mú sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú iṣan ìwọ́ ọmọ tuntun, wọ́n fi òòfà tí ń lù sí i nínú àwo. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ká ara wọn di ihò iṣan ní ìlọ́po méje ju ti àwọn tí kò rí òòfà. Wọ́n wá dá ọgbọ́n kan. Wọ́n mú omi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn wà nínú rẹ̀, wọ́n dà á sórí sẹ́ẹ̀lì mìíràn tí kò rí òòfà rí. Àwọn yẹn náà bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Wọ́n se omi náà, agbára rẹ̀ sì pòórá. Wọ́n fi èròjà kan dí purotéènì kan tí ń jẹ́ FGF-2, ipa òòfà náà sì bà jẹ́. Kí ni èyí kọ́ wa? Pé kì í ṣe òòfà ló kọ́ iṣan. Òòfà jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tú igbe jáde, igbe yẹn ló kọ́ iṣan. Irú igbe yìí kan náà sì ni oògùn ń bá jà. Ẹnu ọ̀nà kan ni òòfà àti oògùn ti pàdé: ọ̀kan lè ran ìkejì lọ́wọ́, ọ̀kan sì lè ba iṣẹ́ ìkejì jẹ́.

Èkejì, ọdún 2001. Àwọn mìíràn ní Amẹ́ríkà fi òòfà tí ń lù sára eku tó ní jẹjẹrẹ ọyàn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́. Agbára rẹ̀ jẹ́ ìpín 10 sí 20 nínú ẹgbẹ̀rún ìpín tesla kan. Níbí, iṣan inú kókó dín kù, kókó náà kò sì yára dàgbà. Ẹ rí i pé òdìkejì ti èkíní ni! Òòfà kan mú iṣan hù, òòfà kan dá a dúró. Agbára rẹ̀, bí ó ti ń lù, bí ó ti pẹ́ tó, ibi tí a fi sí, gbogbo rẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá kàn sọ pé "òòfà dára fún ẹ̀jẹ̀" dà bí ẹni tó sọ pé "ewé dára fún inú rírun". Ewé wo? Báwo ni a ṣe sè é? Èló ni kí a mu?

Ẹ̀kẹta, ọdún 2009, ní Munich ní Jámánì. Àwọn oníwádìí lo òòfà tó dúró jẹ́ẹ́, agbára rẹ̀ ju ìdajì tesla lọ díẹ̀. Hamster, ẹranko kékeré tó jọ eku, ni wọ́n lò. Wọ́n ṣe fèrèsé kékeré kan sí awọ ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n lè máa fi ẹ̀rọ asọhun-kékeré-di-ńlá wo iṣan inú kókó bí ó ti ń hù. Iṣan tuntun dín kù nínú kókó àwọn tó rí òòfà, kókó wọn kò sì dàgbà bí ti àwọn yòókù.

Ẹ̀kẹrin, ọdún 2014. Àwọn oníwádìí ní Jámánì, tí díẹ̀ nínú wọn ti wà nínú ìwádìí ọdún 2009 yẹn, wá pa òòfà tó dúró jẹ́ẹ́ pọ̀ mọ́ oògùn paclitaxel. Ara èèpo igi kan tó ń hù ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí paclitaxel, FDA sì fọwọ́ sí i ní ọdún 1992. Wọ́n rí i pé òòfà jẹ́ kí ògiri iṣan inú kókó máa jò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àti pé oògùn pẹ̀lú òòfà ṣiṣẹ́ lórí kókó ju oògùn nìkan lọ. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan ṣí ilẹ̀kùn, tí ẹlòmíràn sì wọlé ṣiṣẹ́. Òòfà ló ṣí ilẹ̀kùn. Oògùn ló wọlé.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Ní ọdún 1996, àwọn dókítà ní Jámánì kọ̀wé nípa aláìsàn 14 tí wọ́n so oògùn jẹjẹrẹ mọ́ ìyẹ̀fun irin fún, tí wọ́n sì fi òòfà sí ìta ara láti fa oògùn náà sún mọ́ kókó. Ìyẹ̀fun irin ni òòfà lè fà, kò sì fa ẹ̀jẹ̀. Ìgbìyànjú àkọ́kọ́ ni èyí, láti mọ̀ bóyá ara lè gbà á.

6. Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀?

Ọ̀kan: eku àti hamster ni ìwádìí jẹjẹrẹ mẹ́ta yẹn, àwo inú ilé ìwádìí àti eku ni ti 2004. Ohun tó ṣẹ lára eku, ó ṣì kù kí ó ṣẹ lára ènìyàn. Ìbẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ ni, kò tíì di ìtọ́jú.

Èkejì: nínú ìwádìí 2014, òòfà kò rọ́pò oògùn. Olùrànlọ́wọ́ oògùn ni. Ẹni tó ní kí ìyá wa fi oògùn sílẹ̀ kí wọ́n mú òòfà, ó yí ọ̀rọ̀ náà sódì pátápátá. Bí a bá mú oògùn kúrò, ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ yẹn, ta ni yóò wọlé?

Ẹ̀kẹta: bí òòfà kan bá lè mú iṣan hù, a kò gbọdọ̀ fi í ṣeré lórí kókó. Ohun tó dára fún eegun tó kán lè má dára fún ọyàn tó ní jẹjẹrẹ. Ẹni tó bá fẹ́ lo ẹ̀rọ òòfà kankan, kí ó kọ́kọ́ sọ fún dókítà tí ń tọ́jú rẹ̀, kó má sì fi í pa mọ́.

Ẹ̀kẹrin: òòfà líle ní ewu tirẹ̀. Ó lè da ẹ̀rọ pacemaker tí ń ran ọkàn lọ́wọ́ láti lù rú. Bí ọmọ kékeré bá sì gbé òòfà kéékèèké méjì mì, wọ́n lè fa ara wọn nínú ìfun kí wọ́n sì lu ìfun náà já. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ kó wọn kúrò nílẹ̀. Bí ọmọ bá gbé e mì, ẹ má dúró de àárọ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ní ti òkúta òòfà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ògún, a kò ní kí ẹnikẹ́ni kó o dànù. Àyè rẹ̀ ni ó wà. Ìbọ ni ìbọ, ìtọ́jú ara ni ìtọ́jú ara. Ògún tí a ń bọ náà ló ni ọ̀bẹ oníṣẹ́ abẹ àti abẹ́rẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá lọ sí ọsibítù kò fi Ògún sílẹ̀.

7. Bí ọ̀rọ̀ náà ti yọrí

Nígbà tí a ti mọ gbogbo èyí, a lọ bá ìyá ọmọ náà. A kò lọ bá wọn wí. A dọ̀bálẹ̀, a tọrọ àforíjì pé a rí ẹní yẹn, a sì dákẹ́. A ka ohun tí a ti kọ fún wọn, ọmọ wọn jókòó tì wọ́n. Wọ́n sunkún. Wọ́n ní kì í ṣe pé àwọn gba ẹni tó ta ẹní gbọ́ tán. Oògùn ọsibítù ló ń mú àwọn bì tí irun àwọn sì ń re, ẹni yẹn nìkan ló sì wá jókòó ti àwọn tó fetí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn gún wa lọ́kàn. Nínú gbogbo ilé wa, àwa tí a ń kọrin tí a ń jó, kò sí ẹni tó lọ jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n ń bì.

Nọ́ọ̀sì wa bá wọn padà lọ sí ọsibítù lọ́sẹ̀ náà. Dókítà kò bínú. Wọ́n ya àwòrán, kókó ti tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n yí oògùn padà, wọ́n sì fún wọn ní èyí tí ń dá èébì dúró. Ìtọ́jú ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ní báyìí, a ti pín ọjọ́ láàárín ara wa: ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá gba oògùn, ẹnì kan nínú ilé máa ń bá wọn lọ, ẹlòmíràn á sì se ọbẹ̀ dè wọ́n. Ọmọbìnrin tó béèrè ìbéèrè yẹn ti padà sí kíláàsì. Òun ló kọ́kọ́ ka ẹ̀kọ́ yìí sókè fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ẹran ara ń ṣe nígbà tí ọ́síjìn kò bá tó o?
2. Kí nìdí tí kókó jẹjẹrẹ fi ń wá iṣan tuntun? Kí ni Folkman sọ ní ọdún 1971?
3. Ẹ ṣàlàyé fún òbí yín ìdí tí ẹ̀gbà ọwọ́ òòfà kò fi lè fa ẹ̀jẹ̀.
4. Nínú ìwádìí ọdún 2004, kí nìdí tí wọ́n fi da omi sórí sẹ́ẹ̀lì tí kò rí òòfà rí? Kí ni èyí fi hàn?
5. Ta ni ó ń ṣàìsàn ní àdúgbò yín báyìí? Ìgbà wo ni ẹ lọ kí i kẹ́yìn?

Kí Orí gbogbo wa má gbàbọ̀dè. Kí Ògún là wá lọ́nà. Kí á má rí àìsàn tí apá kò ká. Àṣẹ o.